Ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá àti aago: ohun tí òfin orílẹ̀-èdè Benin sọ nípa iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ilé-ìwé ti fẹ́ wọlé, ẹ gba àdúgbò àwọn aránṣọ kọjá ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ní nǹkan bí aago 10 alẹ́. Ẹ̀rọ kò tíì sinmi. Kákí ni wọ́n ń rán, aṣọ ilé-ìwé, torí ìgbà kan náà ni gbogbo òbí ń kó aṣọ wá, gbogbo wọn ló sì fẹ́ gbà á kí ọjọ́ ìwọlé tó kò. Ọ̀gá ti gé aṣọ tán, ó ti tò ó sórí tábìlì. Àwọn tó ń gbá etí ṣòkòtò, tó ń gán bọ́tìnnì, tó ń fi ayọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n. Ẹlòmíì nínú wọn kò dàgbà ju ọmọ tí yóò wọ kákí náà lọ.

Ṣé òfin gba irú èyí? Bí ẹ bá béèrè lọ́jà Wàńdó, ìdáhùn méjì lẹ óò máa gbọ́. Àwọn kan á ní ìjọba ti fòfin dè é pátápátá, pé ọmọdé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́, òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìyẹn dé. Àwọn kan á ní òfin yẹn kò kàn wá, ti àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Kútọnu ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Èyí tó tilẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìlú wa níbí ni wọ́n ti ń dìbò lé àwọn òfin náà lórí. Àjàṣẹ́ ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà, àwọn ọmọ tó ń kiri omi tútù sì ń kọjá lẹ́bàá ògiri rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ọjọ́ orí. Òfin iṣẹ́ tí à ń lò ni òfin 98-004 ti ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998. Abala 166 rẹ̀ ló dá ọdún 14 lé e: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 14, ibi iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ gbà á, àfi bí mínísítà bá fọwọ́ sí i fún ìdí kan pàtó. Ìkọ́ṣẹ́ náà wà nínú èèwọ̀ yìí. Èyí ló yẹ kí ìyá tó fẹ́ mú ọmọ ọdún 11 lọ sọ́dọ̀ onídìrí mọ̀, torí ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o dé yẹn ńkọ́? Òyìnbó ló kó o dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey lábẹ́ Faransé, òfin iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952 fún àwọn ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ wọn ti dá ọdún 14 yìí kan náà. Bàbá ńlá ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí ti bá a láyé. Lọ́dún 2001, nígbà tí Benin tọwọ́ bọ àdéhùn 138 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, 14 náà ló tún kọ síbẹ̀. Ọdún 15 ni àdéhùn yẹn fẹ́, àmọ́ ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tí ọrọ̀ ajé àti ilé-ìwé wọn kò tíì gbópọn, pé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti 14.

Ọmọ ọdún 12 sí 14 kò sì jókòó kó máa wo òkè. Òfin gbà á láyè láti ṣe iṣẹ́ ilé, àti iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ tàbí ti àsìkò, bí kò bá ti dí ilé-ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ìyá rẹ̀ gbé igbá àkàrà lọ sójúde láàárọ̀ Sátidé kò lu òfin kankan. Bó bá jẹ́ pé torí àkàrà yẹn ni kò ṣe dé kíláàsì lọ́jọ́ Túsìdeè, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn. Fákáǹsì náà wà nínú ohun tí àyè yìí wà fún. Ọmọ ọdún 13 tó ń jókòó ti ọjà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, tó ń wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí aláyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba tí yóò tìtorí rẹ̀ mú ẹnikẹ́ni.

Ibì kan wà níbẹ̀ tó kù díẹ̀ káàtó, n kò sì rí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ síta. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni òfin orílẹ̀-èdè fi ṣe dandan. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 6 yóò parí rẹ̀ ní ọdún 11 tàbí 12. Bí kò bá yege CEP, ìdánwò àṣeparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ó yege ṣùgbọ́n tí kò sówó CEG, ilé-ìwé girama, nílé, kí ni kó máa ṣe títí yóò fi pé 14? Ilé-ìwé kò fi dandan mú un mọ́, ibi iṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ gbà á. Òbí wo ni yóò fi ọmọ sílẹ̀ láàrin títì fún ọdún méjì pé òfin ló ní kó dúró? Inú àlàfo yìí ni wọ́n ti ń mú ọmọ ọdún 12 lọ bá ọ̀gá, tí wọ́n á sì ní ó ti pé 14. Mo mọ̀ pé òfin lòfin ń jẹ́, àmọ́ n kò lè dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́bi títí kí n má dá ẹni tó ṣe òfin lẹ́bi pẹ̀lú rẹ̀.

Ó wá kan wákàtí, níbi tí ìjà wà jù. Fún gbogbo ibi iṣẹ́ tí kì í ṣe oko, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni òfin 1998 fi lélẹ̀, àtàgbà àtọ̀dọ́. Ti oko, ọdún ni wọ́n fi ń kà á: wákàtí 2,400. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní wákàtí 24 gbáko fún ìsinmi lọ́sẹ̀, ọjọ́ Àìkú ló sì sábà máa ń jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni èèwọ̀ tó jẹ́ tàwọn ọ̀dọ́ nìkan: ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ òru. Ìgbà wo ni òru bẹ̀rẹ̀? Àdéhùn àgbáyé kan wà lórí iṣẹ́ òru àwọn ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ọdún 1919 ni wọ́n ṣe é, ilẹ̀ wa sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́dún 1960 tí a gba òmìnira. Ó ní òru gbọ́dọ̀ gùn tó wákàtí 11 léraléra, kí aago 10 alẹ́ sí aago 5 ìdájí sì wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá jẹ́ àwọn ẹbí kan náà nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa wò. Ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́dọ̀ dé kí ọ̀gá tó dé, kó gbálẹ̀, kó nu ẹ̀rọ, kó kó àga síta, kó sì fọn iná sí èédú ayọ́ọ̀nù. Ká ní aago 7 ló dé, tó sì kúrò ní aago 8 alẹ́, wákàtí 13 nìyẹn. Ní ọjọ́ mẹ́fà, ó di 78. Ẹ yọ wákàtí méjì ọ̀sán kúrò lójoojúmọ́ pé ó jẹun, ó sùn díẹ̀, ó ṣì ku 66. Ìyẹn nígbà tí kò sí ọdún Iléyá, tí kò sí Kérésì, tí kò sí kákí nílẹ̀ o.

Ọ̀gá á dáhùn pé ọmọ tòun kì í ṣe òṣìṣẹ́, òun kì í sanwó oṣù fún un, òbí rẹ̀ gan-an ló sanwó kí ó lè kọ́ṣẹ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn rere. Òótọ́ wà níbẹ̀, torí òun náà ń fún ọmọ yẹn ní nǹkan. Àmọ́ ara ọmọ ọdún 15 kò mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ lòun ń kọ́ tàbí iṣẹ́ lòun ń ṣe tí aago bá ti lu 11 alẹ́. Ibi tó ń gbá létí ṣòkòtò kẹtàdínlógún yẹn, ẹ̀kọ́ wo ló tún kù níbẹ̀ tí kò rí nínú ìkejì?

Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa lódì kejì bodè, òfin tiwọn tilẹ̀ ka wákàtí ọ̀dọ́ sọ́tọ̀. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bóyá ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé e ní Ìdí-Ìrókò, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Yàtọ̀ sí aago, irú iṣẹ́ náà tún wà. Lọ́jọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2011, ìjọba gbé ìwé àṣẹ 2011-029 jáde, tó to àwọn iṣẹ́ eléwu tí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ sún mọ́. Iṣẹ́ 22 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fọ́ wọn sí nǹkan 74. Wíwa kùsà àti fífọ́ òkúta wà lára wọn. Ẹni tó bá ti rí ọmọ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ gírávẹ́ẹ̀lì, tí eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun, kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un.

Ní Àjàṣẹ́ àti gbogbo ọ̀nà tó lọ sí bodè, kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ló ń já mi láyà jù. Òwò náà fúnra rẹ̀ kò bófin mu, ẹ̀yin náà mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé ró. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá lọ sọ́jà, ó fi ọmọ sídìí tábìlì. Zémíjàn, ọlọ́kadà tiwa, dúró, ó ní kí wọ́n bu lítà méjì fún òun. Ìgò tó wà lórí tábìlì ti tán, ọmọ yóò fa ọ̀pá rọ́bà láti inú kẹ́ẹ̀gì, ẹnu ni yóò fi fà á kí epo tó máa sàn, yóò sì tu èyí tó bá bá a lẹ́nu dànù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó ń dín dòdò wà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ilé tí wọ́n ń kó irú epo yìí sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kpójì, nítòsí wa níbí, ó lé ní 30 èèyàn tó bá a lọ. Ọmọdé wà nínú wọn.

Àwọn jórinjórin náà ńkọ́, tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ojú lásán wo iná torí gíláàsì kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, ti ọ̀gá sì ni? Ẹni bá fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yìí kó tó pé 18, ó yẹ kí àwọn òbí rẹ̀ ti béèrè ọ̀rọ̀ gíláàsì kí wọ́n tó béèrè iye owó.

Ti ọmọ ọ̀dọ̀ ló le jù láti sọ, torí ẹbí ló wà nínú rẹ̀. Tàǹtí kan wá láti ìlú, ó rí ọmọ kan ní abúlé, ó ní "ẹ jẹ́ kó tẹ̀ lé mi, màá fi sílé-ìwé." Nígbà mìíràn ó máa ń fi í síbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ yẹn ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń gbẹ̀yìn sùn, òun ló ń kiri láàrin méjèèjì. Àṣà àtijọ́ ni láti fi ọmọ tọrẹ láàrin ẹbí, mi ò sì ní bú u, èmi náà mọ àwọn tó di èèyàn níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ ọwọ́ àwọn tó ń fi í ṣòwò. Lọ́dún 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno gbéra ní Kútọnu, ó forí lé Gàbọ́ọ̀nù, àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, wọn kò gbà á láyè láti gúnlẹ̀, ó sì tún padà wá, tí gbogbo ayé ń bèèrè ohun tí à ń fi ọmọ wa ṣe. Lọ́dún 2003, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta padà sílé.

Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ló bí òfin 2006-04, tó lòdì sí gbígbé ọmọ kiri àti títa ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nínú rẹ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ sọdá bodè nìkan ló nílò ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láti ìlú kan lọ gbé ní ìlú mìíràn nínú Benin níbí gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ibi tí ọmọ náà ń gbé. Lẹ́yìn náà ni òfin àwọn ọmọdé, 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2015, wá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ó tún fi kún un pé nínà kò sí mọ́, ì báà jẹ́ nílé, ní kíláàsì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Igi tí ọ̀gá gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn, òfin ti ní kó gbé e kúrò.

Ta ló wá ń ṣọ́ ọ? Ọ́fíìsì inspection du travail ni, ti àwọn aláyẹ̀wò iṣẹ́. Wọ́n lágbára ju bí a ti rò lọ. Bí aláyẹ̀wò bá rí i pé iṣẹ́ ju agbára ọmọ lọ, ó lè ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì lè béèrè fún un. Bí dókítà bá ní ó ju agbára rẹ̀ lọ lóòótọ́, ọ̀gá gbọ́dọ̀ fún un ní iṣẹ́ tó rọrùn. Bí kò bá sí, kí ó dá a sílẹ̀, kí ó sì san owó tí òfin ní kí wọ́n san fún ẹni tí a dá dúró láìròtẹ́lẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Àmọ́ àwọn aláyẹ̀wò kò pọ̀, ilé iṣẹ́ tó ní pátákó àti ìwé ìsanwó ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù abẹ́ igi máńgòrò kò sí nínú ìwé wọn. Ní Kétu, níbi tí odindi ìdílé ti ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí, àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí èso kajú ti ń bọ́ láti oṣù kejì lọ, nígbà tí ilé-ìwé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ó ṣòro kí ẹsẹ̀ aláyẹ̀wò dé oko. Olùkọ́ tó ń pe orúkọ láàárọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé kajú ti pọ́n.

Nítorí náà, ibi tí mo fẹ́ kí òbí gbá mú ni ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́. Òfin ní kò tó kí a fi ẹnu sọ ọ́, àfi kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó mú ọmọ lọ, a ó kúnlẹ̀, a ó ní "Ọ̀gá, ọmọ yín nìyí o, ẹ bá wa tọ́ ọ bíi tiyín." A ó gbé ọtí kalẹ̀, a ó san ìdajì owó, ó parí. Bí ìwé bá tilẹ̀ wà, èdè Faransé ló máa ń jẹ́, iye owó, iye ọdún àti owó ìdásílẹ̀ ló sì kún inú rẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá nìkan nìyẹn. Ohun tí ọ̀gá jẹ ọmọ kò sí níbẹ̀: aago tí yóò máa wọlé àti èyí tí yóò máa lọ, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ẹni tí yóò máa bọ́ ọ, ẹni tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn bí abẹ́rẹ́ bá wọ̀ ọ́ níka. Òfin tilẹ̀ ní iṣẹ́ tí ọmọ wá kọ́ ni kí ọ̀gá máa lò ó fún, níbi tó bá ti ṣe é ṣe. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá gbọ́ pé ọmọ yín tó ń kọ́ aṣọ ni ó ń pọnmi fún ìyàwó ọ̀gá ní ìrọ̀lẹ́.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìwé yìí fi ṣe kókó. Ìwé ẹ̀rí tí ìjọba mọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ báyìí ni CQM, ìdánwò sì ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbà á. Èkejì rẹ̀ ni CQP, tí ọmọ ń pín àkókò rẹ̀ láàrin ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ tó bá ń fi gbogbo alẹ́ gán bọ́tìnnì kò ní mọ aṣọ gé nígbà tí wọ́n bá gbé aṣọ ka iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ bá ọ̀gá, torí láìsí i, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó ti pé 14 àti ẹni tí kò tíì pé e. Ẹ ní kí wọ́n kọ aago sínú ìwé àdéhùn, kí ẹnì kan kà á fún yín ní Yorùbá kí ẹ tó tẹ ìka. Ọ̀gá tó bá bínú nítorí ìyẹn, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ mú ọmọ yín lọ bá ẹlòmíì. Aránṣọ kò wọ́n ní Àjàṣẹ́.